Ìlẹ̀kẹ̀ Àǹtí Ọ̀la

Kò sí ẹni tó gbé àdúgbò wa ní Tafo, ní ìlú Kumasi, lọ́dún 1987 tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Àǹtí Georgina sunkún ikú ara wọn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lówùúrọ̀ Sátidé kan, Àǹtí pinnu pé ọjọ́ náà gan-an làwọn máa jókòó sín ìlẹ̀kẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n mú páálí kan, wọ́n fi èédú kọ̀wé sí i, wọ́n sì fi kọ́ ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n kọ nìyí, láìsí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀:

MO WA NILE SUGBON MI O SI. MO N SIN ILEKE.

Páálí yẹn, pupa ni. Èédú sì rèé, dúdú ni. Àǹtí ò ro nǹkan kan sí i. Páálí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n ní Kumasi, bí èèyàn bá rí pupa àti dúdú lára ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé, ohun kan ṣoṣo tó máa béèrè ni aago mélòó ni wọ́n máa gbé òkú jáde.

Yaa, ọmọ Asante tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn, ló kọ́kọ́ rí i. Ogún ọdún ló ti ń bá Àǹtí gbé ọgbà kan náà. Ó gbọ́ Yorùbá tó lè fi jà, kò kàn lè kà á ni. Ló bá sáré lọ pe Jacob, tó máa ń júwe ìjókòó fún èrò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kumasi ni wọ́n bí Jacob sí, ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló ti kọ́ Yorùbá kíkà, ó sì kọ́ ọ dé ojú ìwé kẹrin.

Jacob fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo... wà... nílé. Ṣùgbọ́n... mi ò sí." Ó ṣí fìlà kúrò lórí. "Sistá Yaa, wọ́n ní àwọn ò sí mọ́."

"Kí ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Sin. Wọ́n ń... wọ́n ń sin nǹkan."

"Wọ́n ti ń sin ín?" Yaa ká ọwọ́ lérí. "Buei! Georgina ooo! Due ooo!"

Bẹ́ẹ̀ ni sín tí Àǹtí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ṣe di sin tí wọ́n ń sin òkú. Kí aago mẹ́wàá tó lù, àga ti kún ọgbà, àwọn obìnrin ti wé gèlè pupa, ẹnì kan sì ti ń bá ẹnì kejì jiyàn lórí ẹni tó máa gba àwọn àlejò láti Nàìjíríà sílé. Àǹtí gbọ́ igbe láti inú yàrá. Wọ́n ju okùn sílẹ̀, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n rí Yaa tó ń yí nílẹ̀. Wọn ò béèrè ohunkóhun. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n bú sẹ́kún. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó nu imú, tí wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Yaa mi, ta ló kú gan-an?"

Yaa gbójú sókè, ó lanu. "Ìwọ ni!"

Àǹtí wo àga, wọ́n wo gèlè pupa, wọ́n wo páálí ara ilẹ̀kùn. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ yìí ò ní ṣeé sín lónìí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Àǹtí Georgina, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì gbé dàgbà. Aránṣọ ni wọ́n, Ọláníyọnu sì ni orúkọ bàbá wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe tiwọn o, ti ìyá wọn ni: ìlẹ̀kẹ̀ Krobo aláwọ̀ ewé àti òféfèé, tí ìyá náà fi ń ṣe fáàrí ní gbogbo Tafo. Ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, Àǹtí ní ìwé, ìyá wọn ò ní. Bí ìyá ṣe fẹ́ gun lọ́rí tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, ni okùn ìlẹ̀kẹ̀ já. Ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká sílẹ̀. Lọ́rí ti ń lọ kí wọ́n tó ṣà á tán.

Ìyá yọrí láàárín ẹrù. "Georgina! Bá mi sín in! Wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ọjọ́ Ìsinmi kan péré, kí o sì wá wọ̀ ọ́ fi hàn mí!"

"Ọ̀la ni n ó sín in, Màmá!" ni Àǹtí ń kígbe tẹ̀ lé lọ́rí.

Ọ̀la yẹn gba ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ìyá kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1981, ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Àǹtí ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ohun kan ṣoṣo làwọn ń bẹ Ọlọ́run fún: kí àwọn wọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan kí àwọn tó kú. Wọ́n máa ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n á tún wá gbé aṣọ ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ní gbogbo Tafo, àwọn nìkan ni aránṣọ tí kì í sọ fún oníbàárà pé "padà wá lọ́la." Bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí o wá gba bùbá rẹ, Ọjọ́rú ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè ọ́ pé kí ló dé tí o ò tíì wá. Gbogbo "ọ̀la" tó yẹ kí wọ́n pín fún oníbàárà, ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n kó o fún.

Bàṣírátù ọ̀rẹ́ wọn ló fún wọn lórúkọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Bàṣírátù, Aboabo ló ń gbé, òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ló sì ń tà. Gbogbo ìgbà tí Àǹtí bá lọ ra okùn tuntun, nítorí pé ti àtijọ́ ti gbó láìṣiṣẹ́, ni Bàṣírátù máa ń pàtẹ́wọ́.

"Subhanallah! Okùn kẹjọ rèé, Georgina! Àwọn bàbá yín ò mọ orúkọ ọ́ pè. Kì í ṣe ọlá ló níyọnu nínú ọ̀rọ̀ tìẹ. Ọ̀la ni! Ọ̀la-níyọnu!"

Ó ti bọ́. Kí Àǹtí tó délé, ọmọdé ti ń pè wọ́n ní Àǹtí Ọ̀la. Yaa gbé e sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, ó tú u sí Twi, ó di Maame Ɔkyena. Inú Àǹtí ò bà jẹ́ rárá. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí ikú bá wá béèrè Georgina lónìí, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe wá àyè. Wọ́n kọ́kọ́ pinnu pé òwúrọ̀ kùtù làwọn á máa sín in, kí oníbàárà tó dé. Wọ́n ra aago tó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi í sí aago márùn-ún. Aago dún. Yaa jí, ó gbálẹ̀ ọgbà. Ọkọ Yaa jí, ó fọ kẹ̀kẹ́. Èmi náà jí, mo ka ìwé mi, ọdún yẹn ni mo sì kọ́kọ́ ṣe ipò kẹta ní kíláàsì. Gbogbo ọgbà ló ń jí nítorí ìlẹ̀kẹ̀ Georgina. Georgina nìkan ni kì í jí.

Nígbà tí òwúrọ̀ kọ̀, wọ́n ní inú ọkọ̀ làwọn á ti máa sín in. Wọ́n ní láti Tafo dé Kejetia, ìdajì wákàtí tí èèyàn fi ń wo ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn nínú trotro, òfò ni. Wọ́n ka ọgọ́ta ìlẹ̀kẹ̀ sínú ìkòkò ìpara, wọ́n jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, wọ́n fi okùn bọ ẹnu. Wọ́n sín méjì. Ewúrẹ́ kan sọdá. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo èrò ọkọ̀ ló wà lórí ìkúnlẹ̀. Méètì tó ń gbowó ọkọ̀ wọ abẹ́ ìjókòó. Pásítọ̀ kan tí a ò mọ̀ rí gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń gbàdúrà. Àǹtí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan ṣẹ́kù o, ti ìyá mi ni!" Ọkọ̀ ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣà á tán. Ọgọ́ta ni wọ́n gbé wọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n kà á délé, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n bá. Méjì jẹ́ ẹ̀pà, ọ̀kan jẹ́ oògùn ibà.

"Ó ṣáà lékún," ni Àǹtí wí.

Wọ́n wá ní ohun tó ń dá àwọn dúró ni pé ìlẹ̀kẹ̀ ń yí kiri. Bí àwọn bá rí àwo pẹlẹbẹ tó ní ojú ihò-ihò tí àwọn lè to àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, ọ̀sẹ̀ kan ni iṣẹ́ máa gbà. Wọ́n lọ bá Táhírù ní Suame Magazine, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń fi irin ṣe ohun gbogbo. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Táhírù kàn ń mi orí, ó ń fi àkísà nu ọ̀rá ọwọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Màmá, ẹrù náà máa wúwo tó kí ni?"

Ọkùnrin méjì ló gbé àwo náà wá sí Tafo. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́rí ni Táhírù fi ṣe é, ó lu ihò méjìlá sí i, ó sì jó ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn nídìí. Kò gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

"Táhírù, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ní, mi ò ní ẹ́ńjìnnì!"

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run búra fún un yín, kò ní tẹ̀ láé."

Kò tẹ̀ lóòótọ́. Àárín ọgbà ló wà títí dòní, gbogbo ilé ló ń sá ata lórí ẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìgbà tí wọ́n fi ara wọn ṣe oníbàárà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé oníbàárà nìkan làwọn ń bẹ̀rù láyé, ó ti yé àwọn. Wọ́n fa téèpù yọ, wọ́n wọn ọrùn ara wọn nínú dígí, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ èjìká àti ìdí gbogbo obìnrin Tafo: *Oníbàárà: Georgina. Iṣẹ́: ìlẹ̀kẹ̀ Màmá. Ọjọ́ tó máa wá gbà á: ọ̀la.* Ní ọjọ́ kejì, mo fi etí sí ilẹ̀kùn.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n múná lọ."

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n múná lọ? Ìlẹ̀kẹ̀ mi dà?"

"Ẹ fún mi di ọ̀la."

"Ọ̀la, ọ̀la! Irú aránṣọ wo lẹ tiẹ̀ jẹ́?"

Nígbà tó yá, Àǹtí jáde, ojú wọn le. "Obìnrin yẹn ò ní sùúrù," ni wọ́n sọ fún mi. "Mo ti lé e lọ."

Ẹ ti rí i pé èmi náà ò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ń ṣí agolo yẹn. Mo kó ìlẹ̀kẹ̀ inú ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo da ẹ̀wà sínú agolo, mo dé e padà. Oṣù kan kọjá. Oṣù mẹ́ta. Bí mo bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí, ẹ̀rín á máa pa mí. Oṣù mọ́kànlá ló gbà kí wọ́n tó pariwo.

"Àyọ̀kẹ́! Wá wò ó! Ìlẹ̀kẹ̀ Màmá ti ń rìn!"

Kòkòrò ti bo ẹ̀wà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀, mo sì sọ ìtàn náà fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́n gan-an nígbà náà.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1995 ni Àǹtí fi orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́sàn-án, bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀, tí wọn ò sì gbé e sókè mọ́. Aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ti oníbàárà ni. Wọ́n ti rán an tán.

Yaa ò sí nílé. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Mampong. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kẹta, aṣọ pupa àti dúdú ti wà lára ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó fi ọwọ́ bàdí, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbá ilẹ̀kùn. "Georgina! Jáde wá! Ìyẹn ò tún lè mú mi lẹ́ẹ̀kejì. Ìlẹ̀kẹ̀ lò ń sín!"

Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Yaa wo ojú mi. Ẹ̀rín náà ò tètè kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń dúró dè mí kí n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìsìnkú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Bàṣírátù ti Aboabo wá. Kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́?" Èmi ni mo fa agolo bisikíìtì jáde. Ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí i. Mo rò pé a máa bá gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ bó ṣe fọ́n ká lọ́dún 1969. Nígbà tí a ṣí i, ìlẹ̀kẹ̀ ti wà lórí okùn, ìlà mẹ́ta, ó ń dán. Mẹ́rìnlá péré ló kù nílẹ̀.

"Mẹ́rìnlá," ni Bàṣírátù wí. "Wallahi, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Yaa wá páálí pupa àtijọ́ yẹn jáde látẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi kọ́ ilẹ̀kùn ọgbà kí ẹnikẹ́ni má baà yọ wá lẹ́nu. A jókòó ti àwo Táhírù, nítorí kò sí tábìlì mìíràn tó gbà wá. A nu ata kúrò lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ata ò tán lára irin bọ̀rọ̀. A ń sín ìlẹ̀kẹ̀, àwa náà ń sín. Omi ń dà lójú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ata ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ata ni.

Lábẹ́ agolo ni ìwé ìwọ̀n wà. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, níbi tí wọ́n kọ *Oníbàárà: Georgina* sí. Mo rò pé ojú ewé kan ni. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n jókòó ti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ, àti ohun tó mú wọn dìde, bí aránṣọ ṣe ń kọ àwáwí fún oníbàárà tó le. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

*Madam, ẹ má bínú. Yaa ń rọbí.*

*Madam, ẹ má bínú. Bàṣírátù bá ọkọ ẹ̀ jà, ó sunkún wá. Mo ní kó sùn níbí.*

*Madam, Jacob fẹ́ ṣèrìbọmi lọ́la, kò ní ṣòkòtò.*

*Madam, Àyọ̀kẹ́ ní ibà.*

*Madam, ibà Àyọ̀kẹ́ ò tíì lọ.*

Yaa ní kí n tún ti ìrọbí kà. Mo tún un kà. Bàṣírátù ní kí n fo tòun. Mo ṣí ewé mìíràn.

*Madam, ọmọ yìí ti da ẹ̀wà sínú agolo. Mo ti rí i láti ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá kọjá níbẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín dáadáa.*

Ẹ wo ọlọ́gbọ́n. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ń dẹ pańpẹ́ tí èmi fúnra mi ti wà nínú ẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí mẹ́rin ló gbà wá. Yaa dìde lọ wo ọbẹ̀ tó ń jóná. Bàṣírátù dìde lọ kí Jímọ̀. Èmi já okùn lẹ́ẹ̀mejì, mo sín ẹ̀pà kan mọ́ ọn, mo tún un tú. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún, ẹ máa rí mi níbẹ̀ títí di ọdún tí mo máa darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Èrò ń wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, láti Aboabo, láti Suame. Wọ́n á dé iwájú páálí, wọ́n á kà á, wọ́n á sì yí padà jẹ́ẹ́jẹ́. Jacob dúró níwájú ẹ̀ pẹ́, fìlà ẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ ọ láti inú ọgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ìka tọ ọ́.

"Mo wà nílé," ló kà, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n, "ṣùgbọ́n mi ò sí."

Bàṣírátù ló ta kókó rẹ̀. Yaa ló gbé e kọ́ wọn lọ́rùn. Ó bá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé mu wẹ́kú. Ẹnì kan nínú ẹbí ní ṣé a ò ní yọ ọ́ kí wọ́n tó ti pósí, ìlẹ̀kẹ̀ gidi ni. Yaa wò ó látòkè délẹ̀. "Ìyá ẹ̀ ní kó wá wọ̀ ọ́ fi han òun," ló wí. "Ṣé ọwọ́ òfo lo fẹ́ kó fi lọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Georgina ṣe wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Sátidé ni. Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣèlérí fún ìyá wọn, ọ̀la ni. Wọn ò dúró dè é.